Bí Ọmọ Ajá Yín Yóò Ṣe La Oṣù Mẹ́rin Àkọ́kọ́ Já

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ ajá wálé rí ní Kabba, Mopa, Isanlu tàbí Egbe ní Ìpínlẹ̀ Kogi mọ bí ó ṣe máa ń lọ. Ọmọ ajá ń ṣeré, ó ń sáré tẹ̀lé àwọn ọmọdé, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ kan, ọkàn olówó rẹ̀ ti balẹ̀. Lójijì, kò jẹun mọ́. Lálẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kẹta, ó kú. Wọ́n á ní aládùúgbò ló fi májèlé sí oúnjẹ fún un, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń fa omi nínú kànga kan náà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó fún un ní májèlé jẹ. Parvo ló pa á, fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ ìfun ọmọ ajá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá a dúró, abẹ́rẹ́ tó ti gbóná lójú ọ̀nà kò sì yàtọ̀ sí omi lásán. Ẹ má gbà á gbọ́ bí wọ́n bá ní ajá ìbílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bíńgò, kò nílò àjẹsára. Àwọn àgbà bíńgò tí ẹ ń rí lóde ni àwọn tó yè. Àwọn ọmọ ìyá wọn tó kú, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Ohun tí ẹ nílò kí ọmọ ajá tó wọlé

- Nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran. Ẹ bèèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Kabba, Iyara, Isanlu, Odo-Ere tàbí Mopa. Ẹni tó ń ta oògùn màlúù lọ́jà kì í ṣe dókítà ẹran.
- Òṣùwọ̀n kékeré. Ti àwọn tó ń ra kaṣú kò wúlò níbí, nítorí àpò ni wọ́n ṣe é fún, kò lè fi ìyàtọ̀ kílò 2 sí kílò 3 hàn dáadáa. Ẹ yá ti ẹlẹ́ja tútù, kí ẹ fi ọ̀rá mímọ́ tẹ́ ẹ.
- Sírínjì 1 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, fún oògùn mímu.
- Tẹmọ́míìtà oníbátìrì. Kí ó jẹ́ ti ajá nìkan, ẹ kọ orúkọ sí i lára.
- Kúlà kékeré tàbí fúláàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà, àti yìnyín.
- Ọṣẹ, Jik tàbí Hypo, páálí àti àkísà gbígbẹ.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n sí.

1. Ọjọ́ tí ẹ gbà á

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ tàbí tó fẹ́ tà á fún yín máa kánjú tó. Èyí tí kò tíì mọ oúnjẹ jẹ fúnra rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ọmú. Ẹ bi olówó ìyá rẹ̀ bóyá ìyá gba abẹ́rẹ́ rí, kí ẹ sì wo ìyá náà fúnra yín bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ la ẹnu rẹ̀. Èrìgì gbọ́dọ̀ pupa fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka tẹ ẹ́ títí yóò fi funfun, kí ẹ sì ká ìka kúrò. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ẹ tó ka ení, èjì tán. Èrìgì tó funfun báláú túmọ̀ sí pé aràn tàbí eégbọn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹ fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ikùn ńlá lára ọmọ ajá tí egungun ìhà rẹ̀ yọ kì í ṣe àmì àjẹyó, aràn ló wà níbẹ̀.

Ẹ tẹ́ àkísà sínú páálí, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ gba orí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù ìdájí ní ilẹ̀ wa lè tán ọmọ ajá kékeré lágbára kí ojúmọ́ tó mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ó tó pé wákàtí 24, ó ti jẹun, ó ti yàgbẹ́ tó dì, ooru ara rẹ̀ sì wà láàárín dígírì 38 sí 39.2. Ẹ fi Vaseline pa orí tẹmọ́míìtà kí ẹ tó rọra tì í bọ ihò ìdí rẹ̀.

2. Aràn

Inú oyún àti ọmú ìyá ni aràn ti ń wọ ara ọmọ ajá. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá rí i nínú ìgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8 ni à ń fún un lóògùn, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù 6. Bí ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá fún un rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2.

Pyrantel, oògùn aràn kan, kò léwu fún ọmọ ajá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé: mílígíráàmù 5 fún kílò kan. Ẹ wọn ajá náà, kí ẹ tó ka ara ìgò. Bí ìgò bá sọ pé mílígíráàmù 250 ló wà nínú 5 ml, a jẹ́ pé 50 ló wà nínú 1 ml. Ọmọ ajá kílò 2 nílò mílígíráàmù 10, ìyẹn 0.2 ml. Ẹ wo bí ó ti kéré tó nínú sírínjì. Ṣíbí tí à ń fi wọn oògùn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọ́n á sì fún un ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹ ṣọ́ra: levamisole, oògùn aràn mìíràn tí àwọn kan ń fún ajá nítorí pé ó wà nílé, kò fàyè gba àṣìṣe. Èyí tó bá lé díẹ̀ báyìí lè mú kí ajá máa da itọ́, kí ó máa gbọ̀n, kí ó sì kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ivermectin ti màlúù. Ẹran ńlá ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀kán kan tó ṣì bọ́ sí i ti pọ̀ jù fún ọmọ ajá.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sin ín jinlẹ̀ tàbí kí ẹ dà á sí ṣáláńgá. Aràn ajá ń wọ ara ọmọdé tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré, ó sì lè ba ojú jẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ lè rí aràn nínú ìgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ikùn ti fà wọlé, ìwọ̀n ti lọ sókè nínú ìwé yín. Bí èrìgì bá ṣì funfun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má kàn tún oògùn fún un.

3. Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń náwó tí ajá wọn ṣì ń kú.

Ààbò wà nínú ọmú tí ọmọ ajá kọ́kọ́ mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 16, ààbò yìí ń tán díẹ̀díẹ̀, ti ọ̀kan kì í sì í tán lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti èkejì, kódà nínú ọmọ ìyá kan náà. Bí ó bá ṣì lágbára lọ́jọ́ tí ẹ gún abẹ́rẹ́, yóò sọ abẹ́rẹ́ náà di asán. Bí ó bá ti tán, tí abẹ́rẹ́ mìíràn kò tíì dé, parvo rí àyè wọlé. Kò sí ojú tó lè rí ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un gún:

- Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: èkínní.
- Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12: èkejì.
- Ọ̀sẹ̀ 14 sí 16: ẹ̀kẹta. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an ló sì ṣeé ṣe kó mú jù.
- Láti ọ̀sẹ̀ 12: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọ̀tọ̀ ni, kò sí nínú àwọn yòókù.
- Lẹ́yìn ọdún kan: gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ láàárín ọ̀kan sí èkejì kí ẹ̀kẹta tó pé. Orúkọ tí ẹ ó máa rí lára ìgò ni DHLPP. Ó ń bá parvo jà, ó sì ń bá distemper, àrùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń pa ajá, àti àwọn àrùn mìíràn jà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ òtútù ló kàn. Dígírì 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá. Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń gún fún ajá wa ti ń wá, yálà ó gba Obajana wọ Kabba tàbí ó gba Omu-Aran wọ Egbe. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, iná lè lọ lálẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ gbé e, ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ wé ìgò náà kí ẹ tó kì í sáàárín yìnyín. Bó ti ń kú bí ó bá gbóná, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó jẹ́ olómi, bíi ti dìgbòlugi, ń bàjẹ́ bí ó bá dì.

Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ jẹ́ kí n rí ìgò rẹ̀.” Kì í ṣe àrífín, dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ìgò kéékèèké méjì ni ẹ ó rí. Ọ̀kan ní ìyẹ̀fun tó dì pelebe mọ́ ìsàlẹ̀, èkejì ní omi tó mọ́ gaara. Ìgò gbọ́dọ̀ tutù lọ́wọ́ yín. Lójú yín ni kí ó ti fa omi náà sínú ìyẹ̀fun, kí ó mì ín jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ́ pátápátá, kí ó sì gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sírínjì tí wọ́n ti pò nǹkan sí láti ilé tí wọ́n wá fà yọ nínú àpò ṣòkòtò, ẹ má gbà á.

Ẹ ṣọ́ra: a kì í gún ajá tó ń ṣàìsàn, tó ń gbuuru, tàbí tí ooru ara rẹ̀ lé ní 39.5. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ dúró sọ́dọ̀ dókítà fún ìṣẹ́jú 30. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ibẹ̀ ni ìtọ́jú wà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé tó wà lára ìgò ti lẹ̀ mọ́ káàdì ajá yín, ọjọ́ tí oògùn ń bàjẹ́ kò tíì kọjá, dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Káàdì tí wọ́n kàn fi báírò kọ “abẹ́rẹ́ ti gún” sí kò jámọ́ nǹkan.

4. Kí ó má jáde

Títí ọ̀sẹ̀ 2 yóò fi kọjá lórí abẹ́rẹ́ kẹta, inú ọgbà ni kí ó wà. Parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàtà sì ń gbé e wọlé. Ẹ máa bọ́ bàtà ọjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọdẹ, mo mọ̀ pé ó wù yín kí ó tètè mọ igbó, ṣùgbọ́n ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Kò pẹ́ jù fún ajá oṣù 5 láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà.

Bí ajá kan bá ti kú nínú ọgbà náà, ẹ sun àkísà àti páálí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀ kí ìgbẹ́ tán lójú rẹ̀, torí Jik kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ẹ po agolo mílíìkì Jik kan mọ́ agolo omi 20, ẹ dà á sí i, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Dettol àti Izal kì í pa parvo. Ibi tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fọ̀ tán. Ọmọ ajá tuntun tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

5. Eégbọn

Ẹ máa wò ó lọ́jọ́ méjì méjì: inú etí, ọrùn, abíyá, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fara pamọ́ jù. Ẹ fi ohun ìfàtu mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kí ẹ fà á tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ jù ú sínú agolo tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ẹ ṣọ́ra gidi: Sniper àti ọtapíapía kì í ṣe ohun ìwẹ̀ ajá. Dichlorvos, májèlé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ló wà nínú wọn, ó ń gba awọ ara wọlé, ọmọ ajá yóò sì lá a bí ó bá ń nu ara rẹ̀. Itọ́ á máa dà, ìgbẹ́ á máa yọ, ara á máa gbọ̀n, mímí á sì dúró. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, náà kò dáa, ó ń jó awọ, ó sì ń ba inú jẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìfẹ́ ni àwọn tó ń ṣe é fi ń ṣe é. Wọ́n rí i tí ajá wọn ń họra, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, ohun tó sún mọ́ wọn ni wọ́n mú. Láti ọ̀sẹ̀ 8, fipronil, oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, wà. Èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n kílò ajá yín sí lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Lára ògiri ni eégbọn ajá ń gùn lọ láti yé, inú ihò àti àlàfo rẹ̀, ẹyin ọ̀kan sì ń lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ kò bá dí àlàfo ògiri ibùsùn ajá, kí ẹ sì máa sá àkísà rẹ̀ sóòrùn, ẹ ó máa yọ ọ́ lójoojúmọ́ ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò rí ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi zobo, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ sì gbóná, eégbọn ti kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ràn án. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ.

6. Oúnjẹ

Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Iyán tàbí ẹ̀bà nìkan kò lè tọ́ ọ. Ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́, ẹyin sísè tàbí ẹ̀dọ̀ kún un, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tó ti jiná ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì ń gún ìfun. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n.

7. Bí ó bá ń bì, tó ń gbuuru

Ẹ má ṣe sùn mọ́ ọn. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á ṣíwájú ohunkóhun. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá padà kíákíá, omi ti tán lára rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ fa omi sí i lára.

Kí ẹ tó débẹ̀, bí kò bá ti bì fún bíi wákàtí kan, ẹ po ORS tí wọ́n ń tà fún ọmọdé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ máa fi sírínjì kán 2 sí 3 ml sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 sí 10. Bí ó bá tún bì, ẹ dúró.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, kódà bí ẹ bá rò pé májèlé ló jẹ. Epo kì í pa májèlé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ bí ajá kò bá lágbára láti gbé e mì. Parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofen tí à ń lò fún ara wa, májèlé ni wọ́n jẹ́ fún ajá. Flagyl nìkan kò sì lè wo parvo.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìbì ti dúró, èrìgì rẹ̀ tutù, kì í ṣe gbígbẹ, ó sì ti tọ̀ láàárín wákàtí 12. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ lálẹ́ yẹn.

8. Dìgbòlugi

Èyí kò mọ sí orí ajá. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ó ń pa ènìyàn bíi 59,000 lọ́dún, ẹnu ajá sì ni ó ti ń wá ní ọgọ́rùn-ún dín ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ajá tó ní in kì í fi ìgbà gbogbo sáré géni jẹ. Òmíràn á kàn dákẹ́ sí igun, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa yọ́, kò ní lè gbé omi mì. Olówó rẹ̀ á rò pé egungun ló há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tó bá ń ṣe báyìí láé. Ọmọ ajá náà lè ní in.

Bí ajá, tiyín tàbí ti ẹlòmíràn, bá gé ènìyàn jẹ:

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo aago. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí irun ajá tí wọ́n sun. Lẹ́yìn náà, ọsibítù, lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ènìyàn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ parí gbogbo rẹ̀, àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ ti ajá náà mọ́lé, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ẹ má jẹ́ kí inú tó ń bí àwọn ọ̀dọ́ mú wọn fọ́ ọ lórí, torí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ àrùn náà wò. Bí ó bá kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kun ún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ìgò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kan wà tó ń tó ajá 10. Bí ẹ bá jẹ́ agboolé mélòó kan tó ní ajá, ẹ kó wọn jọ lọ́jọ́ kan, kí dókítà wá sí àdúgbò. Owó rẹ̀ á fúyẹ́, oògùn kò sì ní ṣẹ́kù láti bàjẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn dókítà ẹran níbi púpọ̀ sì máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó láyìíká rẹ̀. Ẹ bèèrè láti oṣù Kẹjọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* abẹ́rẹ́ DHLPP mẹ́ta àti ti dìgbòlugi kan wà lára káàdì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ti ọdún tó ń bọ̀ yóò pé. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà sínú fóònù, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò máa tọ́jú ajá náà bí ẹ bá rìnrìn àjò.